Irú Òǹkàwé Wo Lọmọ Yìí? Ìtọ́sọ́nà fún Tíṣà Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ọmọkùnrin kan wà ní pírámárì kẹrin mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Bí mo bá ti ní kí a ṣí ìwé báyìí, ìtọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. "Anti, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ lọ tọ̀." Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ọmọ yìí kò fẹ́ràn ìwé, mo sì ti pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì síbẹ̀. Àfi lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo yà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ láti ra mílíìkì. Ọmọ yìí jókòó sórí páálí lẹ́yìn káńtà, ó ń dojú agolo kọ̀ọ̀kan délẹ̀, ó ń ka ìdí rẹ̀. "Mọ́mì, oṣù kọkànlá ni tibí, ẹ jẹ́ ká gbé e síwájú kó tètè tà. Èyí ṣì wà di ọdún tó ń bọ̀." Kò ṣi ẹyọ kan kà. Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ wojú agolo náà, ohun tọ́mọ bá ti sọ labẹ gé.

Mo gba mílíìkì mi, mo ń lọ sílé, ojú ń tì mí. Ọmọ tí mo ní kì í kàwé, òun ni akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù.

Látìgbà náà ni mo ti yí ọwọ́ padà. Kí n tó máa wá bí ọmọ yóò ṣe "fẹ́ràn ìwé", mo kọ́kọ́ máa ń bá a wá ibi tó ti ń kàwé láìmọ̀, kí òun náà fojú ara rẹ̀ rí i, kó sì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ irú òǹkàwé tí òun jẹ́. Kíláàsì kẹta sí ìkẹfà ni mo ti ṣe é n'Íbàdàn, pẹ̀lú ọmọ bí ogójì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tẹ́ ẹ nílò kò pọ̀: ìwé fọ́tì lífù kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńsù, páálí, abẹ́rẹ́ àti òwú, àti wákàtí kan lọ́sẹ̀.

Kí n tètè sọ èyí kó má di ìjà: iṣẹ́ yìí kò rọ́pò kíkọ́ ọmọ ní a, b, d. Ọmọ tí kò tíì mọ lẹ́tà, lẹ́tà ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ, lójoojúmọ́. Ìwúrí nìkan kò lè bá a ka ọ̀rọ̀ tí kò mọ lẹ́tà rẹ̀.

Ẹ fi ara yín ṣáájú

Ẹ̀yin tíṣà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ tiyín kó tó kan àwọn ọmọ. Ààbọ̀ ojú ewé ti tó. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà parí láyé yín, ìgbà tí ìwé sú yín, ohun tẹ́ ẹ ń kà báyìí àti ibi tẹ́ ẹ ti ń kà á. Òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ o. Bó bá jẹ́ WhatsApp nìkan lẹ ti ń kà láti oṣù mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ń rí yín lójoojúmọ́, wọ́n mọ̀.

Bí mo ṣe máa ń ka tèmi fún wọn nìyí: "Ìwé orin ìjọ wa ni ìwé tí mo kọ́kọ́ kà láti páálí dé páálí, torí mo fẹ́ mọ ẹsẹ tó kàn kí àwọn akọrin tó dé ibẹ̀. Nígbà tí mo wà ní girama, ọdún méjì gbáko ni mi ò fi parí ìwé kankan, àyàfi èyí tí wọ́n fẹ́ fi ṣèdánwò. Ní báyìí, tí mo bá mú ìwé ìtàn, mo máa ń kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí n mọ̀ bóyá ẹni tí mo fẹ́ràn máa kú."

Ibi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ariwo ti máa ń sọ. Àwọn kan á ní ojóóró ni. Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń ṣe tí wọ́n bá ń wo fíìmù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ ọ rí pé bí èèyàn kan ṣe ń kàwé lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn kí ẹnikẹ́ni má sì bá a wí.

Àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan

Iṣẹ́ àṣetiléwá tó tẹ̀ lé e: láti ìgbà tí wọ́n bá jí títí wọ́n á fi sùn, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ojú wọn bá kà sílẹ̀. Èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ mú wá kò ní dùn ún kà. Wọ́n á kọ "Mo ka English, mo ka Mathematics, mo ka Bíbélì", torí wọ́n rò pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ẹ má bínú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo kíláàsì pé, "Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn Micra tó gbé yín wá láàárọ̀ yìí?" Kíláàsì á gbóná. Ẹ tún béèrè ohun tó wà lára ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, àti nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ NAFDAC lára bísíkíìtì. Nígbà náà kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n lọ tún un kọ.

Ẹ wo bí ti ọmọbìnrin kan ṣe rí lẹ́ẹ̀kejì:

"Ara ọṣẹ ìfọyín. Nọ́ńbà iná, ogún ni gbogbo rẹ̀, èmi ni mò ń pè é, Dádì ń tẹ̀ ẹ́ sí mítà. Ẹ̀yìn ọkọ̀: Kò sóhun tó ṣòro fún Ọlọ́run. Pósítà òkú ìyá àgbà kan lára ògiri, wọ́n pé 87. Bọ́ọ̀dù. Wàláà ní ilé kéwú. Orúkọ ẹni tó pe Mọ́mì lórí fóònù nígbà tí ọwọ́ wọn wà nínú èlùbọ́. Oògùn Màmá àgbà, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́."

Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ báyìí, àmì mẹ́ta ló kù. Kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ èyí tí wọ́n kà torí wọ́n ní kí wọ́n kà á. Kí wọ́n fi òdo yí èyí tó wu àwọn fúnra wọn ká. Kí wọ́n ya ìràwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n kà fún ẹlòmíràn. Nínú àwọn ọmọ tí mo ti kọ́, ibi ìràwọ̀ yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí kò ní òdo kankan lè ní ìràwọ̀ mẹ́rin. Ó ń ka oògùn fún ìyá àgbà, ó ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀wé, ó ń bá àbúrò rẹ̀ ka iṣẹ́ iléèwé. Àwọn àgbà gbára lé e nílé, ó wá dé kíláàsì, a ní kò mọ nǹkan kan.

Ẹ má fojú kéré kéwú o. Mo mọ àwọn tíṣà tí wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀, wọ́n ní ọmọ náà ò mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kà. Ó lè má mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé kéwú, pé ọwọ́ òsì ni tiwa ní kíláàsì, tó sì ń rìn láàárín méjèèjì lójoojúmọ́ láìkọsẹ̀, kì í ṣe ọmọ tí ìwé ṣàjèjì sí. Ẹ bi í pé, "Báwo lo ṣe ń há a sórí?" Nǹkan tó máa sọ fún yín á wúlò fún àwọn tó kù. Èyí tí mo bi sọ pé òun máa ń mi ara ni, òun á sì fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí ìdajì kíláàsì fi ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà ìwé Yorùbá.

Kí wọ́n mú ẹyọ kan wá látilé

Lọ́sẹ̀ kejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan wá nínú ohun tó fi òdo tàbí ìràwọ̀ sí: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìn, kàlẹ́ńdà, ara páálí Indomie, ìwé ìlò oògùn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbàyè nílé, kí wọ́n má sì mú ìwé báńkì, ìwé ilé tàbí ìwé kóòtù wá. Èmi ò sọ ọ́ lọ́dún àkọ́kọ́, ọmọ kan sì gbé ríṣíìtì ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wá sí kíláàsì. Mi ò gbàgbé bí bàbá náà ṣe sáré wọlé lọ́jọ́ yẹn.

Kí oníkálukú kà á sókè, kó sì sọ ẹni tó ni ín àti ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé ni kó rántí bí ìwé ìròyìn ṣe bẹ̀rẹ̀ lédè yìí. Lọ́dún 1859 tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó kan, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn l'Abẹ́òkúta, ohun tó ní òun ń wá ni kí àwọn èèyàn jẹ́ kó mọ́ wọn lára láti máa fi ìwé kíkà wá ìròyìn. Ìròyìn ìjọ, ta ló bímọ, ta ló kú, àlùfáà wo ló ń bọ̀, èwo ló ń lọ, ni wọ́n ń rí kà níbẹ̀. Ohun tó kan àwọn aládùúgbò gan-an ló fi fà wọ́n sídìí ìwé. Pósítà òkú tí ọmọbìnrin yẹn kà lójú ọ̀nà, irú ìròyìn kan náà ni.

Ìṣẹ́jú márùn-ún lábẹ́ ìloro

Ẹ bá ọmọ méjì sọ̀rọ̀ lóòjọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ogójì á gbà yín ní ogún ọjọ́ iléèwé, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ má ṣe é nídìí tábìlì yín, ibi tí wọ́n ti ń jẹgba nìyẹn. Ẹ jókòó sí ìloro tàbí abẹ́ igi, kí ẹ̀yin àti ọmọ náà jọ kọjú síbì kan náà.

Ìbéèrè kan wà tí mi ò ní béèrè mọ́ láé: "Ṣé o fẹ́ràn ìwé kíkà?" Ìdáhùn rẹ̀ kò ju "Bẹ́ẹ̀ ni mà" lọ, kò sì kọ́ wa ní nǹkan kan. Èyí tí mo máa ń béèrè ni: Níbo lo máa ń jókòó sí? Ta ló máa ń wà níbẹ̀? Ìgbà wo lo kà á dé ibì kan tó o fẹ́ sọ fún ẹnì kan? Kí ló máa ń ṣe ọ́ tí wọ́n bá ní kó o dìde kàwé? Ẹ béèrè, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló le jù fún àwa tíṣà.

Ọ̀kan nìyí, pẹ̀lú ọmọbìnrin tó máa ń rọra kàwé bí ẹni tó ń jí i kà:

"Níbo lo máa ń jókòó sí tó o bá ń kàwé?"

"Orí àpótí, nídìí àdògán, mà."

"Ooru ò mú ọ níbẹ̀?"

"Ó ń mú mi mà. Ibẹ̀ ni Màmá àgbà máa ń wà ni. Tí mo bá ka ibi tó dùn, wọ́n á ní kí n tún un kà."

"Màmá àgbà náà máa ń kàwé?"

"Rárá mà. Wọ́n máa ń gbọ́ ọ ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n máa ń dá a lóhùn. Wọ́n á ní, 'Olóríburúkú ìjàpá!'"

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: ó ń kàwé fún etí ẹni tó fẹ́ràn. Nítorí náà, ẹ̀rù ń bà á níwájú ogójì èèyàn tí kò dá a lóhùn. Mo fún un ní àlọ́ tó ní orin nínú, mo ní kó kà á fún ọmọ mẹ́ta péré, kí àwọn mẹ́ta náà sì máa gbè é. Ohùn tó ń jí kàwé yẹn ò sí mọ́. Láti ìgbà tó ti wọ kíláàsì mi, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Oríkì òǹkàwé

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ bó ṣe ń rí lára kí wọ́n ki òun. Kódà ọmọ tí kò gbọ́ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ rí, wọ́n ti pè é ní Àkànní tàbí Àjọkẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ rán an níṣẹ́. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ oríkì ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé, ìlà márùn-ún sí méje. Òfin rẹ̀ mẹ́ta: inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni kó ti mú un, kì í ṣe inú afẹ́fẹ́; kí ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe wà níbẹ̀; kí ohun kan tó ń bà á lẹ́rù náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ki ara yín lójú wọn kí wọ́n lè rí bó ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lù ú lórí tábìlì bí wọ́n bá fẹ́.

Ti ọmọ oníṣọ́ọ̀bù wa nìyí. Àmì ohùn nìkan ni mo bá a fi sí i:

Ọmọ ìyá oníṣọ́ọ̀bù,
A-kàdí-agolo kó tó kajú rẹ̀.
Ó rí oṣù kọkànlá, ó ní ẹ gbé e síwájú.
Ìwé gígùn ń bà mí lẹ́rù,
Ìwé tó ní nọ́ńbà ni mo mọ̀ ọ́n kà.
Ẹ má pè mí lólódo,
Mílíìkì tó ti bàjẹ́ ò lè kọjá lójú mi.

Mi ò lè kọ irú ìlà kejì yẹn láé. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń pè é ní "A-kàdí-agolo" lọ́sẹ̀ yẹn, kì í ṣe ẹ̀sín. Ó ń dáhùn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má lẹ oríkì ẹnikẹ́ni mọ́ ògiri láìgbàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó kọ pé "mo máa ń sunkún tí wọ́n bá ní kí n kàwé" ti fọkàn tán yín. Ẹ sì má ṣe bá wọn tún èrò wọn ṣe. Sípẹ́lì, ẹ lè tún un ṣe. Tí ọmọ bá ní òun kì í parí ìwé, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé wo la ó wá fún wọn?

Nígbà yìí ni ìwé wá dé, lẹ́yìn oṣù kan. Tí ẹ kò bá ní láíbìrì, ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú páálí tó fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ó ṣáà má jẹ́ oríṣi kan náà: àlọ́, ìtàn gidi, ìwé nípa ẹranko, ìwé oúnjẹ, ìwé iṣẹ́ ọwọ́, Yorùbá àti English pọ̀. Rudine Sims Bishop, ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú kan l'Amẹ́ríkà, sọ lọ́dún 1990 pé ìwé lè jẹ́ dígí tí ọmọ ti ń rí ara rẹ̀, ó sì lè jẹ́ fèrèsé tó fi ń wo ilé ẹlòmíràn. Nígbà tí mo yẹ páálí tèmi wò pẹ̀lú ojú yẹn, mo rí i pé orúkọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ọmọ inú ìwé náà ló ní yàrá tiwọn, tí bàbá wọn ń wa mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì. Kò sí ọmọ tó ń jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ nìkan kò sọ ìwé di dígí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ ìwé wò bí a ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò: ojú ewé méjì, kí wọ́n pinnu. Ẹni tí kò bá wù lè dá a padà, kò sí ẹ̀gbin níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Ìdí yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. "Kò dùn" yàtọ̀ sí "ó le", "ó le" náà sì pín sí oríṣiríṣi.

Àpẹẹrẹ kan ni ọmọ tó máa ń sọ pé, "Anti, mi ò mọ Yorùbá kà." Wọ́n pọ̀ láàárín àwa tí à ń sọ Yorùbá látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ máa rí i pé àmì ohùn ló ń dá a dúró, tàbí pé ó ń fi ojú English wo lẹ́tà Yorùbá. Ó ń pe p bíi ti "pencil" níbi tí Yorùbá ti ń lo ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n pọ̀. Lẹ́tà 25 péré ni ábídí wa, ó sì ti mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún lóòjọ́ lórí dò-rè-mí: ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Kó máa fi ẹnu kùn ún kó tó pè é. Èyí tí mo ń sọ yìí, mo ti rí ọmọ tó gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì pa "mi ò mọ Yorùbá kà" rẹ́ kúrò nínú oríkì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọ tó ń sọ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú nílé náà wà. Ẹ̀ka èdè tirẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Kó kà á bó ṣe wà nínú ìwé, kó sì sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn. Kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé tí àwọn fúnra wọn ṣe

Àwọn kan wà tó jẹ́ etí ni wọ́n fi ń gbádùn ìtàn, tí kò sí ìwé inú páálí tó wù wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa àlọ́ tí wọ́n mọ̀, "Ààlọ́ o!" kí kíláàsì dáhùn "Ààlọ̀!", kí ẹnì kejì máa kọ ọ́. Ẹ ká tákàdá A4 méjì sí méjì, ẹ fi ọ̀kan sínú èkejì, ojú ewé mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ gé páálí fún èèpo rẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán àárín rẹ̀. Stápílà ń já lára páálí, òwú ò kí ń já bọ̀rọ̀. Kí orúkọ ẹni tó pa á àti ẹni tó kọ ọ́ wà lára èèpo. Ẹ fi sínú páálí pẹ̀lú ìwé tó kù. Ní kíláàsì mi, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbó.

Àṣìṣe tí mo ṣe

Ní iléèwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, mo lẹ káádíbọ́ọ̀dù ńlá kan mọ́ ògiri, orúkọ gbogbo wọn wà níbẹ̀, ìràwọ̀ kan fún ìwé kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ kan ti ní ìràwọ̀ 31. Mo pè é, mo ní kó sọ ọ̀kan nínú àwọn ìtàn náà fún mi. Ó wolẹ̀. Ó ń ṣí ìwé, ó ń pa á dé ni. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò wá sí iléèwé mọ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọjọ́ tí mo máa ń lẹ ìràwọ̀. Mo já a kúrò lógiri. Tí ọ̀gá iléèwé bá ní ẹ gbọ́dọ̀ fi nǹkan hàn, ẹ kó àwọn ìwé àfọwọ́ṣe yẹn lé tábìlì fún un.

Àwọn òbí

Ẹ ṣàlàyé fún wọn ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, kó má di pé ọmọ délé tó ní "Anti ní kí n ka ara Indomie." Bàbá kan dìde sí mi: "Anti, owó iléèwé tí à ń san, ara ọ̀rá lẹ fẹ́ fi kọ́ wọn?" Mo fi àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀ hàn án, ibi tí ọmọ náà ti fi ìràwọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó kà fún bàbá lórí fóònù. Ó kà á tán, ó jókòó.

Àwọn mìíràn á ní Yorùbá kíkà máa ba English ọmọ àwọn jẹ́. Ẹ sọ fún wọn nípa Ilé-Ifẹ̀: láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní English gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, English wọn kò kẹ́yìn sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ bá mi bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n yé pe ọmọ lólódo. Òbí tí kò mọ̀wé kà kò nílò láti tijú. Kí ọmọ kà á fún un, tó bá dákẹ́, kí ìyá bi í ní ẹyọ ìbéèrè kan: "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní London tàbí Houston, ìṣòro tiyín yí padà díẹ̀: ọmọ yín ń ka English bí omi, ó sì ti gbà pé òun kì í ṣe òǹkàwé Yorùbá. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan fún un bákan náà. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ìwé ìpè òde, orúkọ òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi àmì sórí orúkọ rẹ̀ fún un, tẹ́ ẹ sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ọjọ́ yẹn ló ti kà Yorùbá.

Ẹ padà síbẹ̀ nígbà mẹ́ta

Kí wọ́n tún oríkì náà kọ ní ìparí táámù kọ̀ọ̀kan, sójú ewé kan náà bó bá gbà á, kí wọ́n má pa ti àtijọ́ rẹ́, kí wọ́n kàn fa ìlà gba orí èyí tí kì í ṣe òótọ́ mọ́. Ẹ má fún un ní máàkì. Ẹ wo ìlà tó yí padà, kẹ́ ẹ bi ọmọ náà ní ohun tó yí i. Bí ìlà kankan ò bá yí padà lọ́dún kan gbáko, ẹ tún bá a jókòó sí ìloro.

Ní oṣù keje ọdún yẹn, A-kàdí-agolo fa ìlà gba orí "ìwé gígùn ń bà mí lẹ́rù", ó kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé, "Ìwé gígùn, mo ti ka ojú ewé 12 nínú rẹ̀, ó kù 50." Mo kó gbogbo fọ́tì lífù náà jọ fún tíṣà pírámárì karùn-ún. Nígbà tí mo ṣí tirẹ̀, ewé ibi oríkì ti kúrò níbẹ̀. Mo bi í. Ó ní òun ti lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn káńtà ìyá òun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ "Kò sí àwìn lónìí" sí.